Ìwé ìtajà ilẹ̀ tí òkú tẹ̀ka sí: irú ìtàn àròsọ wo ni kí n fi ṣe?

Ọmọ Ọjà-Ọba

Mo kí gbogbo àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi níbí. Ìtàn kan wà lọ́wọ́ mi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ, ṣùgbọ́n mo ti dá a dúró nítorí pé n kò tíì mọ irú ìtàn àròsọ tí ó yẹ kí n fi ṣe. Bí ó ti lọ nìyí. Bàbá arúgbó kan kú ní agboolé kan nílùú Ìbàdàn. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí gbé katakata lọ sórí ilẹ̀ ẹbí wọn ní ẹ̀yìn ìlú, ó sì mú ìwé jáde pé òun ti rà á. Orúkọ bàbá wà lórí ìwé náà, ìtẹ̀ka àtàǹpàkò rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi í wé ìtẹ̀ka tí bàbá ti fi sí ìwé mìíràn nígbà ayé rẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ohun tí ó rú wọn lójú ni pé ọjọ́ tí a kọ sórí ìwé ìtajà náà jẹ́ ọjọ́ kejì ikú bàbá. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé girama, ni ó dìde láti wádìí ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn ọ̀rẹ́ tí mo fún kà kò fẹnu kò. Ọ̀kan ní ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, kí n má wulẹ̀ ronú jù. Òmíràn ní nígbà tí òkú bá ti tẹ̀ka, ìtàn mérìíyìírí, ìyẹn ìtàn àràmàǹdà bíi ti iwin àti òkú tó jí, ló kù. Ẹlòmíràn fẹ́ràn agbẹjọ́rò ọ̀dọ́ tí ó ń ran olùkọ́ náà lọ́wọ́, ó ní ìtàn ìfẹ́ ni kí n gbájú mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kan tilẹ̀ sọ pé bí ẹbí náà ṣe rí ilẹ̀ ọ̀hún gbà láyé ogun ni ìtàn gidi. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni bí òǹkọ̀wé ṣe ń mọ èyí tí yóò mú. Ǹjẹ́ ó pọn dandan kí n mú ọ̀kan kí n tó máa kọ ọ́ lọ?

Ìyá Ìwé

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ìtàn tí o sọ yìí dùn, ìdí nìyẹn tí gbogbo ènìyàn fi ń fà á sọ́dọ̀ ara wọn. Kí o tó fún un lórúkọ, kọ́kọ́ pinnu ìbéèrè tí o fẹ́ kí ó máa da òǹkàwé láàmú títí tí yóò fi kà á tán. Bí ìbéèrè náà bá jẹ́ pé ta ni ó gbé àtàǹpàkò bàbá lé ìwé, ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lo ń kọ. Bí ó bá jẹ́ pé kí ni òkú ń wá láyé tí ó fi padà wá tẹ̀ka, mérìíyìírí ni. Bí ó bá sì jẹ́ pé èwo nínú àwọn ọmọ bàbá yìí ni yóò tún lè jókòó jẹun pọ̀ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá parí, ìtàn ìgbésí ayé ẹbí ni, ọ̀daràn náà kò sì ní jọ ẹnikẹ́ni lójú mọ́ nígbà tí ó bá yá.

Inú ẹ̀yà ìtàn kan ṣoṣo pàápàá, ìbéèrè máa ń yàtọ̀. Wo àwọn méjì tí ó la ọ̀nà ìtàn ọ̀daràn fún wa. Nínú *Àjà Ló Lẹrù* tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé jáde ní 1969, àti *Àgbàlagbà Akàn* tí ó tẹ̀lé e ní 1971, Lápàdé tí ó ti fìgbà kan ṣe ọlọ́pàá ni ó ń dojú kọ àwọn ọ̀daràn. A kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiyèméjì nípa ẹni tí ó burú; ohun tí kì í jẹ́ kí a gbé ìwé náà sílẹ̀ ni bóyá ọwọ́ Lápàdé yóò tẹ̀ wọ́n kí ọwọ́ tiwọn tó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà mìíràn ni Kọ́lá Akínlàdé gbà. Akin Olúṣínà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tirẹ̀, a máa kó ẹ̀rí jọ díẹ̀díẹ̀, àwa náà a sì máa fura sí ẹni yìí àti ẹni yẹn pẹ̀lú rẹ̀ títí tí yóò fi tú àṣírí náà. Ìlépa ni ti àkọ́kọ́, ìṣírò ni ti èkejì. Ẹni tí ó bá dá wọn pọ̀ láìmọ̀ yóò kọ ìwé tí ó ń sáré níbi tí ó yẹ kí ó ti ronú.

Ọmọ Òkè-Ògùn

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìwé tọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ tí ó mẹ́nu ba ayé ogun. Ibùdó ogun ni Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí fi bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1829, àwọn jagunjagun sì ni wọ́n kọ́kọ́ pín ilẹ̀ náà láàárín ara wọn. Ìdílé tí ó bá ní ilẹ̀ ńlá lẹ́yìn ìlú lónìí, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ balógun kan ni ilẹ̀ náà ti wá. O lè kọ ìtàn tí ó bẹ̀rẹ̀ láyé ogun Ìjàyè ní 1860, tàbí nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn wà ní ibùdó ogun Kírìjì lẹ́yìn ìgbà náà, tí bàbá-ńlá olùkọ́ náà gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní ọ̀nà tí kò mọ́. Bí àtàǹpàkò òkú bá wá dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, òǹkàwé yóò mọ̀ pé gbèsè àtijọ́ ni.

Ṣùgbọ́n n kò ní tàn ọ́. Iṣẹ́ ìtàn àtijọ́ pọ̀. Ìwọ ni yóò mọ ohun tí wọ́n ń jẹ lójú ogun, irú ìbọn tí wọ́n ń yìn, oyè tí ó ju oyè lọ, àti ohun tí ẹrú lè sọ níwájú ẹni tí ó rà á. Ìwé ńlá tí Samuel Johnson kọ nípa ìtàn Yorùbá ṣì ni ọ̀pọ̀ wa ń sá tọ̀. (Ìwé yẹn fúnra rẹ̀ tó ìtàn àròsọ: Johnson parí rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó fi ránṣẹ́ sí nílùú Òyìnbó, Johnson kú láìrí i kó jáde, àbúrò rẹ̀ ni ó sì tún un ṣe láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù kí ó tó jáde ní 1921.) Adébáyọ̀ Fálétí fi hàn nínú *Ọmọ Olókùn Ẹṣin* ní 1969 pé ìtàn ayé Ọ̀yọ́ àtijọ́ lè gba ọkàn ènìyàn bí ọ̀rọ̀ àná, ṣùgbọ́n ẹni tí èdè àti àṣà ibẹ̀ ti mọ́ lára ni ó kọ ọ́. Bí o kò bá gbádùn kíka àkọsílẹ̀ àtijọ́, má dé ibẹ̀.

Àdùkẹ́ Alálẹ̀mọ́

Mo ń kọ ìtàn ìfẹ́, inú mi kì í sì í dùn nígbà tí a bá ń sọ ọ́ bí ẹni pé oúnjẹ ọmọdé ni. *Ó Le Kú* tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974 kò béèrè ju ìbéèrè kan lọ: ta ni Àjàní yóò fẹ́ nínú Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé? Nínú ìbéèrè kékeré yẹn ni a ti rí ìgbé ayé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn nígbà náà, ìfẹ́ ìyá tí ń kánjú kí ọmọ òun gbéyàwó, àti ohun tí ó ń ná obìnrin nígbà tí ọkùnrin kò bá lè pinnu. Nígbà tí Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997, àwọn tí kò kàwé náà pàápàá tún jókòó tì í.

Síbẹ̀, Ọmọ Ọjà-Ọba, ìtàn tìrẹ kì í ṣe ìtàn ìfẹ́. Ọ̀nà tí mo fi mọ̀ nìyí: yọ agbẹjọ́rò ọ̀dọ́ náà kúrò, kí o sì wò ó bóyá ìtàn náà yóò wó. Kò ní wó. Olùkọ́ náà yóò wá agbẹjọ́rò mìíràn, arúgbó kan bóyá, ìwádìí yóò sì máa lọ. Bí ìfẹ́ bá lè kúrò láìsí ohun tí yóò bàjẹ́, ẹ̀ka ni, kì í ṣe igi. Ìwọ fi í sínú ìwé rẹ bí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n má ṣe fi tàn wá lẹ́yìn ìwé.

Alágbàwí

Iṣẹ́ òfin ni mo ń ṣe, nítorí náà ojú mìíràn ni mo fi ka ìtàn yìí. Òfin ìlò ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹbí kò yé jẹ́ ilẹ̀ ẹbí. Bí ọmọ ẹbí kan lásán bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò dúró rárá, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ ni. Bí olórí ẹbí fúnra rẹ̀ bá tà á láìjẹ́ pé àwọn àgbà ìdílé fọwọ́ sí i, títà náà dúró títí tí ẹnìkan yóò fi pe ẹjọ́ kí ilé-ẹjọ́ fagi lé e. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá bàbá yìí ni mọ́gàjí, ìyẹn olórí, ìdílé náà. Bí kì í bá ṣe òun, àtàǹpàkò rẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, ọ̀daràn tí ó bá mọ òfin kò sì ní wahala láti jí i.

Ohun kejì ni ẹ̀sìn bàbá, ẹ má sì rò pé mo ti yà kúrò lórí ọ̀rọ̀. Ìtẹ̀ka kì í parẹ́ lọ́wọ́ òkú kíákíá. Àwọn ọlọ́pàá máa ń gba ìtẹ̀ka òkú tí wọn kò mọ̀ kí wọ́n lè dá a mọ̀. Bí bàbá bá jẹ́ onígbàgbọ́ tí wọ́n gbé sí mọ́ṣúárì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tí ó ń ṣọ́ ibẹ̀, ẹni tí ó wá wò ó, ẹni tí ó san owó ibẹ̀, gbogbo wọn ni ó ṣeé fura sí, ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì ti délẹ̀. Bí bàbá bá jẹ́ mùsùlùmí tí wọ́n sin ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó kú, ó ti wà nínú ilẹ̀ ní ọjọ́ tí ó wà lórí ìwé. Ó di kí ẹnìkan ti gba ìtẹ̀ka rẹ̀ ṣáájú, tàbí kí òkú dìde. Wò ó bí ẹ̀sìn bàbá nìkan ṣe lè ti ìwé rẹ láti ẹ̀yà ìtàn kan bọ́ sí òmíràn.

Ọmọ Ọjà-Ọba

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀gbọ́n Alágbàwí. Mùsùlùmí ni bàbá, wọ́n sì sin ín lẹ́yìn ìrun Àṣárì ní ọjọ́ náà gan-an. Òun sì ni mọ́gàjí. N kò mọ̀ pé mo ti dí ọ̀nà mọ́ṣúárì mọ́ ara mi. Èrò tí ó wá sí mi báyìí ni pé ó ṣeé ṣe kí bàbá ti tẹ̀ka sórí ìwé òfìfo kan fún ẹnìkan nígbà tí ó ń ṣàìsàn, kí ẹni náà wá kọ ìtajà sórí rẹ̀ lẹ́yìn náà láìgbọ́ pé bàbá ti kú, kí ó sì fi ọjọ́ tí kò yẹ sí i.

Ìbéèrè mi kejì ni ti ọjà. Ǹjẹ́ ó yẹ kí n wo ohun tí àwọn atẹ̀wé ń fẹ́ kí n tó pinnu?

Atúnwèéṣe

Mo ti bá àwọn ilé-ìtẹ̀wé ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń ra ìwé ìtàn Yorùbá jù lọ. Atẹ̀wé tí ó bá gba ìwé rẹ yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá olùkọ́ lè gbé e fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún láìjẹ́ pé àwọn òbí pariwo. Ó tún máa ń fẹ́ ìwé tí kò nípọn púpọ̀, nítorí owó bébà. Èyí lè ní ipa lórí gígùn ìwé rẹ, lórí bí o ṣe kọ ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ àti èébú, àti lórí iye orí tí yóò ní. Kò yẹ kí ó pinnu ẹ̀yà ìtàn fún ọ. Ìtàn inú igbó irúnmọlẹ̀, ìtàn ọ̀daràn, ìtàn ìfẹ́, ìtàn ogun, gbogbo wọn ni a ti rí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kà ní ìgbà kan tàbí òmíràn. Mo mọ òǹkọ̀wé kan tí atẹ̀wé kan sọ fún pé kí ó yí ìtàn apanilẹ́rìn-ín rẹ̀ padà sí ìtàn akọ́nilọ́gbọ́n kí ó lè tà. Ó yí i. Kò tà, kò sì pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín mọ́.

Ohun tí ó yẹ kí o fọkàn sí ni ọ̀nà tí ìtàn yóò gbà dé ọwọ́ òǹkàwé. *Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá*, tí I. B. Thomas kọ, ìwé ìròyìn *Akéde Èkó* ni ó ti kọ́kọ́ jáde ní 1929 sí 1930, gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà tí obìnrin kan ń kọ sí olóòtú láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Nítorí pé lẹ́tà ni, ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láyé lóòótọ́. Bí ìwọ bá fẹ́ máa fi orí kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn lórí fóònù kí ó tó di ìwé, ìtàn tí ó ní ìbéèrè líle kan ní ìparí orí kọ̀ọ̀kan ni yóò bá ọ̀nà yẹn mu, ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì ti ní èyí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìtàn àtijọ́ tí ó ń fẹ́ ojú ìwé ogún kí ó tó fìdí ibùdó múlẹ̀ yóò jìyà níbẹ̀.

Ọmọ Peckham

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, mo rò pé ẹ ti ń fi ìdè dè é. Kí ó kọ ìtàn náà tán. Ẹni tí ó bá fẹ́ fún un lórúkọ yóò fún un lórúkọ. London ni mo wà, lórí fóònù nínú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti ń ka Yorùbá, ohun tí mo sì ń béèrè lọ́wọ́ òǹkọ̀wé kò ju pé kí ó fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ kí n lè mọ ohun tí ó ń sọ. N kò tíì rí òǹkàwé tí ó jókòó tí ó ní òun ń wá ẹ̀yà ìtàn.

Ìyá Ìwé

Ọmọ mi ní Peckham, òǹkàwé kì í dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ nígbà tí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ. Bí olùkọ́ náà bá fi ojú ìwé igba wádìí, tí ó wo ìwé, tí ó bi ẹlẹ́rìí léèrè, tí àwa náà ń ṣírò pẹ̀lú rẹ̀, tí a sì wá sọ fún wa ní orí tí ó kẹ́yìn pé iwin ni ó tẹ̀ ẹ́, inú yóò bí ọ, ìwọ náà yóò sì ju fóònù sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Kì í ṣe nítorí pé iwin burú. Wọn kò jẹ́ kí o mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé iwin lè wọlé ni. Wo ọgbọ́n tí Fágúnwà lò nínú *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀* ní 1938: kí a tó wọ igbó kankan, Àkàrà-Ògùn ti wá bá òǹkọ̀wé, ó ti ní kí ó mú gègé àti ìwé kí ó kọ ohun tí òun fẹ́ sọ. Láti ibẹ̀ ni a ti mọ ẹnu ẹni tí ìtàn ti ń bọ̀ àti irú ayé tí a ń lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ohunkóhun tí a bá pàdé nínú igbó, a gbà.

Ibì kan wà níbí tí ó máa ń ru àwọn tí ó ń kọ ìtàn Yorùbá lójú, mo sì fẹ́ kí Ọmọ Ọjà-Ọba fara balẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ẹ̀dá ìtàn wa lè gbàgbọ́ pé òkú ń rí wa, kí wọ́n lọ dífá, kí wọ́n gba àdúrà, kí wọ́n bú ẹni tí ó jí ilẹ̀ ní ojú oórì, kí ìtàn náà má sì ṣe di mérìíyìírí. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní agboolé lójoojúmọ́ ni ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n olùkọ́ náà obìnrin lè ti orí kìíní máa sọ pé bàbá ni ó ń bínú, kí ó lọ sọ́dọ̀ babaláwo, kí babaláwo sì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un, nígbà tí olùkọ́ ń lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀. Ìyàtọ̀ wà lẹ́nu asọ̀tàn. Bí asọ̀tàn bá sọ pé ẹ̀gbọ́n náà gbà pé òun rí bàbá lójú oorun, ayé tí a mọ̀ la ṣì wà. Bí asọ̀tàn fúnra rẹ̀ bá sọ pé bàbá dìde, ó gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ nù, ó sì mú ọ̀nà Ọjà-Ọba pọ̀n, a ti kọjá ààlà. Òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ó fẹ́ kọjá ààlà yẹn. Bí ó bá sì fẹ́ kọjá, kí ó kọjá ní kùtùkùtù.

Ọmọ Òkè-Ògùn

Mo fara mọ́ èyí pátápátá. Mo fẹ́ fi kún un pé èdè náà ní láti bá ẹ̀yà mu. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń fẹ́ ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì tí ó yá, kí a gbọ́ irọ́ nínú ìdáhùn ẹlẹ́rìí. Mérìíyìírí fẹ́ asọ̀tàn tí ẹnu rẹ̀ dùn, tí ó lè kó oríkì, ọfọ̀ àti àsọdùn jọ láìjẹ́ kí ó súni. Ọmọ Ọjà-Ọba, dípò kí a máa sọ̀rọ̀ ní òfìfo, kọ ìbẹ̀rẹ̀ náà ní ọ̀nà méjèèjì fún wa kí a rí i.

Ọmọ Ọjà-Ọba

Ẹ wò ó, ẹ jọ̀wọ́. Ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nìyí:

*Ọ́fíìsì ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí nígbà tí Bísí wọlé. Ó na ìwé náà sí akọ̀wé tí ó jókòó. “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ọjọ́ yìí.” “Kí ló ṣe é?” “Bàbá mi ti wà nínú ilẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.” Akọ̀wé náà yọ ìgò ojú rẹ̀. Kò wo ìwé náà mọ́. Bísí ni ó ń wò. “Ta ló ní kí ẹ wá sí ibí?”*

Èyí ni ti mérìíyìírí:

*Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ dákẹ́ ẹkún kí ẹ gbọ́. Èmi Àkànní, mọ́gàjí yín, mo ti rìn dé ẹnubodè ọ̀run kí ẹ tó jẹ ẹ̀kọ ọjọ́ kẹta mi tán. Oníbodè ní kí n na ọwọ́, mo nà án. Ó ka ìka mi, ó tún un kà, ó sì mi orí. Ó ní, “Àkànní, mẹ́sàn-án ni mo rí.” Mo ní mẹ́wàá ni Elédùmarè fi rán mi. Ó ní, “Àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ kò tíì kú. Ó wà nílé ayé, ó ń ta ilẹ̀ lọ́wọ́. Padà lọ mú un wá, n kì í gba ẹni tí kò pé.”*

Àdùkẹ́ Alálẹ̀mọ́

Háà! Oníbodè tí ń ka ìka! Mo ti fẹ́ mọ bí bàbá yóò ṣe rí àtàǹpàkò náà mú.

Alágbàwí

Èmi fẹ́ràn ti àkọ́kọ́. Ìbéèrè akọ̀wé yẹn ní ìparí, ẹni tí ó jẹ̀bi ni ó ń béèrè irú rẹ̀. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ilẹ̀ kò pọ̀ lédè wa, bẹ́ẹ̀ sì ni ilé-ẹjọ́ wa kún fún ẹjọ́ ilẹ̀. Bí Ọmọ Ọjà-Ọba bá fi í sílẹ̀, n kò mọ ẹni tí yóò kọ ọ́.

Ìyá Ìwé

Ti àkọ́kọ́ dára, kò sí àbùkù lára rẹ̀. Ẹni mélòó kan nínú wa níbí lè kọ ọ́ tàbí kí wọ́n kọ èyí tí ó jọ ọ́. Ti èkejì, ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè kọ ọ́. Nígbà tí o ń sọ̀rọ̀ lórúkọ bàbá, gbólóhùn rẹ yí padà, ìwọ náà kò sì bẹ̀rù mọ́. Bí mo bá jẹ́ ìwọ, ibẹ̀ ni n ó lọ. Ìbéèrè rẹ sì ti ṣe kedere nínú gbólóhùn díẹ̀: ṣé bàbá yóò gba àtàǹpàkò rẹ̀ padà? Ohun tí ó kù ni òfin ayé náà. Ta ni ó lè rí bàbá? Ṣé ó lè gbá ènìyàn létí? Ṣé ó lè wọ ilé tí kò wọ̀ rí nígbà ayé rẹ̀? Ìgbà wo ni ẹnubodè yóò tì? Pinnu wọn kí o tó kọ orí kejì, kí o sì má ṣe rú wọn nítorí pé ìtàn há.

Atúnwèéṣe

Mo gbà, pẹ̀lú àlàyé kan. Àwọn tí ó ń kọ mérìíyìírí lóde òní máa ń tún igbó kan náà gbìn, pẹ̀lú iwin olórí mẹ́ta àti ẹranko tí ń sọ̀rọ̀, bí ẹni pé Ìbàdàn kò ní títì. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Agbára ìtàn tìrẹ wà nínú ọ́fíìsì, ṣọ́ọ̀bù àti ilé-ẹjọ́ tí òkú yóò máa wọ̀. Gbogbo òfin ilẹ̀ tí Alágbàwí ń sọ, fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ti rí gan-an. Òkú nìkan ni kí ó jẹ́ àràmàǹdà níbẹ̀.

Ọmọ Ọjà-Ọba

Mo ti pinnu. Bàbá ni yóò sọ ìtàn náà. Kò ní lè wọ ilé tí kò wọ̀ rí nígbà ayé rẹ̀, àbíkẹ́yìn rẹ̀ nìkan ni yóò sì máa gbọ́ ohùn rẹ̀, nítorí náà ibi tí bàbá kò bá lè wọ̀, olùkọ́ ni yóò wọ̀ ọ́. Agbẹjọ́rò ọ̀dọ́ ti di arúgbó tí ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́ sọ. Ẹ̀gbọ́n Alágbàwí, ẹ má bínú sí mi. Mo ṣì nílò yín: nínú ìwé tí ẹni tí kò mọ̀wé tẹ̀ka sí, kí ni bàbá lè rí tí yóò fi mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ lọ?

Alágbàwí

N kò bínú, àbúrò. Òfin tí ó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé sọ pé ẹni tí ó bá bá a kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sórí ìwé náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìwé ayédèrú máa ń fò ó. Bí akọ̀wé tìrẹ bá kọ ọ́, yálà nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára tàbí nítorí pé kò mọ̀ pé ìwé burúkú ni òun ń kọ, orúkọ àti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò náà. Kí bàbá ti jókòó ní ṣọ́ọ̀bù yẹn rí nígbà ayé rẹ̀, kí ó lè wọ̀ ọ́.

Ọmọ Ọjà-Ọba

Ó ti jókòó níbẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá a kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Kánò. Orí kejì yóò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.